Èmi Tí Mò Ń Kọ Nóòtì Sójú Bọ́ọ̀dù

Ìwé báyọ́lọ́jì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo kíláàsì wa ní Ẹdẹ, tíṣà wa ló sì ni ín. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, wọ́n ti fi sẹ̀lótéèpù dì í káàkiri. Ìgbà ìjọba ológun ni, ìgbà tí gbogbo èèyàn ń pariwo Sápù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí à ń gé ọṣẹ ìfọṣọ wẹ́wẹ́ kó lè pẹ́, tí àwọn tíṣà ń ṣiṣẹ́ tí owó oṣù ò wọlé. Àwọn kan nínú wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ ń dáko lọ́nà ìlú Ara. Tíṣà báyọ́lọ́jì wa ò lọ ní tiwọn, àmọ́ wọ́n ń sáré láti kíláàsì kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá ti ṣàlàyé tán, wọ́n á na ìwé yẹn sí mi, wọ́n á ní, "Ìwọ tí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ dáa, ó yá, kọ nóòtì fún wọn."

Inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn! Gíga ni wọ́n fi ń tò wá sórí àga, àwọn kúkúrú níwájú, àwọn gíga lẹ́yìn, iwájú pátápátá ni tèmi. Àmọ́ tí mo bá ti gun orí àga tíṣà, tí mo mú ṣọ́ọ̀kì dání, kò sẹ́ni tó ga tó mi ní gbogbo ilé ìwé yẹn. "Tíṣà kékeré" ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí ò fẹ́ ẹ. Irọ́ ni o, mo fẹ́ ẹ gan-an.

Ṣọ́ọ̀kì ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń kọ nóòtì. Ọ̀gá ilé ìwé ń pín in fún wa bí ẹni ń pín ẹran ọdún. Tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tíṣà sì gùn, bọ́ọ̀dù wa kéré. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú. Màá kọ orí ọ̀rọ̀ sókè gàdàgbà, màá fa ìlà sí i nídìí. Màá wá pín bọ́ọ̀dù sí méjì: ìbéèrè lápá òsì, ìdáhùn ní ṣókí lápá ọ̀tún. Nísàlẹ̀, gbólóhùn kan tó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì máa ń yọjú lójú fèrèsé wá kọ ọ́!

Ìṣòro kan ló wà ńbẹ̀: ẹni tó ń kọ sójú bọ́ọ̀dù ò lè máa kọ sínú ìwé tiẹ̀. Ọwọ́ mélòó ni mo ní? Ọ̀rẹ́ mi ni mo gbójú lé, ọmọ agboolé Mùsùlùmí kan láàárín ìlú, ọmọbìnrin gíga tí wọ́n fi sẹ́yìn pátápátá. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, tòun wà ńbẹ̀. Mo sì pinnu pé tó bá di ìparí táàmù, màá dà á kọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó mọ́ tónítóní.

Bí táàmù ṣe ń parí lọ, lọ́jọ́ Ẹtì kan, tíṣà kéde pé àwọn máa gba nóòtì wa lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní, "Àga kíláàsì sáyẹ́ǹsì ò pọ̀. Ẹni tí nóòtì ẹ̀ ò bá pé, kó gba kíláàsì mìíràn lọ." Wọ́n wá gbé ìwé wọn lọ sílé láti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe láti kékeré. Kò sí ọmọ ìyá mi tí mi ò tíì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún labẹ́rẹ́. Láìsí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, kò sí nọ́ọ̀sì. Bí a ṣe jáde, ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo forí lé.

Mo ṣí ìwé ẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀, ó fa ìlà sí i. Abẹ́ ẹ̀ ṣófo. Mo ṣí ewé mìíràn, bákan náà.

"Kí lèyí?" Mo ti ń pariwo. "Kí ló dé tó ò kọ nǹkan kan?"

"Ọ̀rọ̀ ńlá ńlá nìkan ni mò ń rí látẹ̀yìn," ọ̀rẹ́ mi fèsì. "Mo fi àyè sílẹ̀ kí n lè dà á kọ nínú tìẹ ni. Tìẹ dà?"

"Tèmi kẹ̀? Inú tìẹ ni mo fẹ́ dà á kọ!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí, àfi bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tomijé tomijé. A jáde lọ tọrọ nóòtì lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa. Ta ló máa yá wa nígbà tí àga ò pọ̀? Ẹnì kan ní ewúrẹ́ ti jẹ tòun. Ewúrẹ́ wo? Wọn ò sin ewúrẹ́ nílé wọn!

Láàárọ̀ Sátidé, a wà ní kíláàsì wa tí kò nílẹ̀kùn. Mo ṣa àjákù ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, mo gun àga. Ọ̀rẹ́ mi jókòó síwájú, ó ń pe orí ọ̀rọ̀ látinú ìwé ẹ̀. Ó ní, "Ọkàn àti iṣẹ́ ẹ̀." Mo fa ìlà, mo kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ sápá òsì. Háà! Ìdáhùn wá! Mo kọ èkejì, òun náà wá. Ṣé gbogbo ìgbà tí mò ń gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrú ni mò ń gbé e mì tí mi ò mọ̀? Ìdùnnú mú mi débi pé mò ń jó lórí àga, àga ń mì, ọ̀rẹ́ mi ń kígbe pé, "Má pa á rẹ́ o, mi ò tíì kọ ọ́ tán!" Ibi tí mo bá ti gbàgbé, òun á rántí ohun tí tíṣà fẹnu sọ, nítorí etí ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́ látẹ̀yìn níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò délé bọ́ṣọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo gbà lọ. Ó ń kà á, mò ń kọ ọ́ sínú tèmi, títí ìka mi fi kú tipiri.

Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà ṣí ìwé mi, wọ́n ṣí tọ̀rẹ́ mi. "Inú ìwé wo lẹ ti rí èyí?"

"Orí wa ni, sà," ni mo wí.

Wọ́n kà á títí. Wọ́n fi bírò pupa fọwọ́ sí méjèèjì.

Ọjọ́ tí a gba ìsinmi ni wọ́n ka orúkọ àwọn tó wọ sáyẹ́ǹsì. Tọ̀rẹ́ mi tètè jáde. Tèmi ò jáde, kò jáde, mo ti ń wolẹ̀, mo ti ń ronú ohun tí màá sọ nílé, àfi gbàà, òun ló kẹ́yìn! N ò dúró gbọ́ àdúrà ìparí. Mo sáré délé bá màámi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

"Màámi! Mo ti wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì!"

Wọ́n dìde, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra jókòó, ojú wọn yí padà.

"Ìwé sáyẹ́ǹsì yẹn ńkọ́, ọmọ mi? Níbo la ti máa rí i?"

"A ò ní rí i, màámi," ni mo wí, mo ṣì ń mí hẹlẹ. "A máa kọ ọ́ ni."