Wáyà Tí Kò So Mọ́ Nǹkan Kan

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́, kò kàn mí mọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá èèyàn jiyàn lórí ohun tí mo fetí ara mi gbọ́.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n yí orúkọ Bathurst, olú ìlú Gambia, padà sí Banjul nígbà náà. Ọ́fíìsì kan tó ń ṣe ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní àdúgbò Half Die ló mú mi wá láti Èkó, kí n máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ má rò pé irú èyí tí ẹ ń gbé lé itan ni o. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin, ọ̀la sì ni ìsọmọlórúkọ, nílé wa ní Talinding, tó jìnnà sí ọ́fíìsì. Mo ti yan orúkọ sínú. Ìyá ọmọ pàápàá kò mọ̀ ọ́n, nítorí a kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe dúró gbagidi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Mo pa á, mo tún un tàn, kò pẹ́ ló tún dúró. Ọ̀gá ní ọkọ̀ ìrẹsì ń dúró ní èbúté, n kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ ìsìnkú. Òun fúnra rẹ̀ wọ mọ́tò, ó lọ sílé. Òjò ń rọ̀, takisí sì ti ń wọ́n. Bí n kò bá délé, ta ni yóò sọ orúkọ ọmọ mi fún ìmáàmù?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gbogbo ohun tó so mọ́ kọ̀ǹpútà ló lè pè é. Bí wọ́n bá pè é, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò dáhùn, yóò sì padà sídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń pè é láìsinmi, ìdáhùn nìkan ni yóò máa ṣe, bí ìyá tí ọmọ kò jẹ́ kó rí obẹ̀ sè. Ìdí nìyẹn tó fi dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìpè kò dá. Mo yọ àwọn tẹmínà tí àwọn akọ̀wé ń tẹ̀, kò dá. Ó wá ku wáyà kan ṣoṣo, èyí tó lọ sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo tọ̀ ọ́ débẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu wáyà náà!

Mo ní omi òjò ló wọ̀ ọ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ táútáú.

Pa Jọ́jì, akọ̀wé àgbà, ọmọ ìran Aku ti Gambia, ló kù pẹ̀lú mi. Mo bi í pé, "Bàbá, ta ló ń lo tábìlì yìí?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Anti Meri ni. Ó kú kí o tó dé. Wọ́n ti gbé tẹmínà rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì tíì ṣe awujoh fún un."

Awujoh ni àsè tí àwọn Aku máa ń ṣe fún òkú wọn.

Mo lọ yọ wáyà náà kúrò lára ẹ̀rọ pátápátá. Ẹ gbà mí gbọ́, ìpè ṣì ń wọlé láti ìlà yẹn.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Mo tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó má dá ìlà yẹn lóhùn mọ́, kó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Alhamdulillahi! Mo mú báàgì mi.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láti ìdí tábìlì yẹn. Kì í ṣe èmi ló pè. Orúkọ ọmọ mi ló pè, èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àárẹ̀ yìí náà ni. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Ó wà nílé, ó ń sùn."

Pa Jọ́jì yíjú sí mi. "Ta lo ń dá lóhùn?"

Mo nawọ́ sí tábìlì náà. Bàbá náà mú fìlà rẹ̀, ó sá wọnú òjò.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìmáàmù bi mí lórúkọ, òmíràn ni mo sọ. Èyí tí mo yàn kò jáde lẹ́nu mi rí, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. Ẹ má bínú.

Ọmọ náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Láti kékeré, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò kàn gbórí sókè, yóò ní "Mà?" Kò sí ẹni tó pè é. Nígbà tó wá kí wa láìpẹ́ yìí, kò dáhùn lásán mọ́. Ó dìde, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo dì í mú.

Àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún wa pé bí a bá gbọ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó ń pè, ká panu mọ́. Mo kọ́ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi kò ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́. Ẹ má sì bá ọmọ yín dáhùn ìpè láé.