Ohun Tí Mo Rí Lábẹ́ Ọkọ̀ Aṣílórí

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí kó tán lẹ́nu rẹ̀. Mi ò mutí, mi ò sì lálàá. Ẹ̀yìn ìrun Alásàárì ni, oòrùn ṣì ń ràn, nínú agboolé kan lẹ́yìn Odò-Orí níbí ní Ìwó. Ojú mi méjèèjì tí mo fi ń kọ èyí ni mo fi rí i.

Wẹ́dà ni mí. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń jó irin, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń pè mí ní Ọlọ́wọ́ Òsì. Nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ba ojú mi jẹ́, mo fi iṣẹ́ mìíràn kún un: bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, èmi lẹ máa mú dání kí n bá yín wò ó, kí n sọ iye tó tọ́ sí i.

Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń ra ọjà kì í yìn ín lójú ẹni tó ni ín. Nítorí náà, èmi àti oníbàárà mi máa ń ṣe àdéhùn ká tó jáde nílé. Màá ní, “Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń bú ọkọ̀ yẹn bí ẹni ń bú orogún ìyá rẹ̀, ọkọ̀ náà dára nìyẹn, ẹ rà á. Bí mo bá dákẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.” Ọgbọ́n yẹn kò já mi kulẹ̀ rí.

Ọ̀gá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì ló wá bá mi lọ́sẹ̀ yìí. Dókítà là ń pè é, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o, ti ìwé ni. Morẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣègbéyàwó ní Sátidé. Dókítà sì ti búra pé ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣí lórí lòun máa fi gbé ọmọ òun la ìlú já, kí gbogbo ayé rí ojú rẹ̀. Ó ti rí ọ̀kan: ọkọ̀ Jámánì àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì, pupa, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn.

Ọjọ́ Túsìdeè la lọ. Múfútàù, àkọ́bí ẹni tó ni ọkọ̀, ló gbà wá lálejò. Bàbá wọn kú lọ́dún tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá náà fi gbé ọkọ̀ yìí pamọ́ sábẹ́ páànù, kò wà á, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó kú tán ni àwọn ọmọ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, tí wọ́n kùn ún ní pupa, kí wọ́n lè tà á.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo ní máńgánẹ́ẹ̀tì kan tí mo yọ nídìí sípíkà àtijọ́, òun ni mo fi ń yẹ ara ọkọ̀ wò. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Ó lẹ̀ níbi gbogbo. Mo wọlé, mo jókòó sídìí ọkọ̀. Òórùn káfúrà gbà mí nímú, irú èyí tí a fi ń wẹ òkú. Àga ẹ̀gbẹ́ mi rì díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sí i. Mo ní sípíríìnì rẹ̀ ló ti gbó. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin, ìdí rẹ̀ nìkan ló gbé e ró. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé e sókè tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá padé mọ́, ìdí ti kán nìyẹn. Mo fi jáàkì gbé e. Ilẹ̀kùn ọ̀tún kọ̀, kò padé.

Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo sùn wọ abẹ́ rẹ̀. Mo fi sukudiráfà ha ọ̀dà dúdú tó wà níbẹ̀, pọ́tì gbígbẹ sì já bọ́ sí mi láyà. Lábẹ́ pọ́tì yẹn, ojú jíjó mẹ́ta péré ló so irin náà pọ̀, níbi tó yẹ kí wọ́n jó gbogbo rẹ̀ yíká. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dagun sí apá kan náà.

Bí ẹ ṣe mọ ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni wẹ́dà ṣe mọ ibi tó jó. Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ òsì mi.

Mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n gbé ọkọ̀ yìí wá, aláwọ̀ ewé ni nígbà náà, ìdí rẹ̀ ti là, ẹni tó ni ín sì ń kánjú. Ọ̀gá mi kò sí nílé. Irin tí mo fi ń jó o tán mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá kàn lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta, mo fi pọ́tì dí i, mo da ọ̀dà bò ó. Mo ní tó bá di ọ̀la màá parí rẹ̀. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ín àti obìnrin kan ti wọnú ọkọ̀. Mo dúró, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Mo dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, a gbọ́ pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan ṣí lójijì lọ́nà Ilé-Ogbó, obìnrin kan sì já bọ́, ó kú. Mi ò béèrè ọkọ̀ wo ni. Láti ọdún yẹn títí di Túsìdeè tí mò ń wí yìí, mi ò béèrè.

Ibi tí mo sùn sí nìyẹn tí ẹsẹ̀ méjì fi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún. Ẹsẹ̀ obìnrin. Wọ́n lé làálì sí méjèèjì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ bàtà, ẹsẹ̀ òsì wà lásán. Mò ń gbọ́ ohùn Dókítà àti Múfútàù lọ́ọ̀ọ́kán níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọn kò sì dá ohùn dúró, bí ẹni pé kò sí ohun tí wọ́n rí.

“Ọlọ́wọ́ Òsì,” ohùn náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “O ti rí i?”

Mo fa ẹsẹ̀ mi wọ abẹ́ ọkọ̀ pátápátá.

“Má dákẹ́ lónìí.”

Mo yí jáde lábẹ́ ọkọ̀, mi ò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Eruku tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn kò ní ojú ẹsẹ̀ kankan àfi tèmi. Mo sáré bá Dókítà.

“Dókítà, ẹ má ra ọkọ̀ yìí! Ìdí rẹ̀ ti kán. Bí wọ́n bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní gbé e!”

Dókítà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra.

“Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Apànìyàn ni ọkọ̀ yìí!”

Bí mo ṣe ń pariwo ni inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí àdéhùn wa. Obìnrin yẹn ní kí n má dákẹ́, kò mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́ nìkan ni Dókítà lè gbọ́ mi.

Múfútàù fà mí sẹ́yìn ògiri. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Ta ló sọ fún yín pé ó pààyàn?” Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Ìyá wa ni. Bàtà ẹsẹ̀ òsì wọn nìkan la rí he lójú títì. Títí bàbá wa fi kú, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi wẹ́dà tó jó ìdí rẹ̀ han àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u síta. Ẹ jẹ́ ká tà á, ká gbàgbé.”

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo wo ọmọ ẹni tí mo pa, mo pa ẹnu mi dé. Nígbà tí a fi máa padà, Dókítà ti ń fi fóònù sanwó.

Òun ló wa ọkọ̀ náà lọ, èmi sì gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Ó ti ká òrùlé sẹ́yìn. Obìnrin kan tó fi ìbòrí funfun bo orí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yíjú padà wò mí títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Mo bi ọlọ́kadà bóyá ó rí èèyàn méjì nínú ọkọ̀ yẹn. Ó ní ẹnì kan ni.

Ní Tọ́sìdeè, Dókítà pè mí. “Ọ̀gá, ilẹ̀kùn ọ̀tún yìí ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ wá bá mi jó o kó tó di Sátidé. Ẹ sì bá mi wo ibi tí òórùn káfúrà yìí ti ń wá.”

Inú mi dùn. Mo rò pé Ọlọ́run ti ṣí ọ̀nà fún mi: màá jó o dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ. Iná ń ràn, irin kò gbà. Gbogbo ohun tí mo jó ń kán sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ méjì yẹn tún wá dúró.

“Mi ò ní kí o jó irin,” ó ní. “Mo ní kí o lanu.” Mo kó ẹ̀rọ mi, mo sá lọ sílé; Dókítà rò pé mo ti jó o tán.

Lónìí, lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, mo lọ. Àlejò ti kún ilé. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì sí i lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Mo ní, “Dókítà, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọmọ yìí sínú ọkọ̀ yẹn. Ìdí rẹ̀ ti kán.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún àwọn àlejò pé, “Ẹ wo ọ̀gá yìí! A ti ra ọjà tán, wọ́n ṣì ń ná an!”

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó lè mú un gbà mí gbọ́: èmi ni mo jó o, ó sì ti pààyàn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì, mo lọ sílé.

Aago mẹ́wàá ọ̀la ni wọ́n máa gbéra. Bàtà obìnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ti ẹsẹ̀ òsì. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá wà ní Ìwó lọ́la, tí ẹ rí ọkọ̀ pupa tí wọ́n ṣí lórí, tí ìyàwó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Ẹ ní èmi ni mo rán yín. Ẹ sọ fún Dókítà pé kì í ṣe ọjà ni mò ń ná.