Oúnjẹ Tí Bàbá Mi Sè Nítorí Krédì

Ibà ló kó bá mi. Ní ọdún kẹta mi ní yunifásítì ní Parakou, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ ìdánwò, ẹ̀kọ́ kan sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni, èyí tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko láti gbẹ́ kòtò, kí wọ́n lè wo bí ìpele ilẹ̀ ṣe tò léra wọn nísàlẹ̀. Mo yege nínú gbogbo ìyókù. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí wọ́n kà á sí, krédì ni wọ́n ń pè é, bí krédì kò bá sì pé, kò sí ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní kí n padà wá kọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún gbáko nítorí ẹ̀kọ́ kan! Mo sunkún, mo bú ẹ̀fọn, mo bú ẹni tó dá ìdánwò sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ pé yunifásítì mìíràn, ní Àjàṣẹ́, ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ náà nígbà ìsinmi ńlá, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ ibòmíràn lè wá kọ́ ọ níbẹ̀ kí krédì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ bá gbà ni o. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Olùkọ́ tó ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wa ní Parakou, obìnrin ọmọ Bàrìbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, sọ fún mi pé òun kì í gba krédì tí òun kò mọ bí wọ́n ṣe sè é. Ó ní òun máa wá fúnra òun lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe iṣẹ́ oko níparí ẹ̀kọ́. Bí ohun tí òun rí bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á gbà á. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí n lọ dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Mo wá sílé láti sọ fún bàbá mi. Ilé wa kò jìnnà sí ọ̀nà tó lọ láti Adja-Ouèrè sí Tatonnonkon. Èmi àti Bàbá nìkan la kù níbẹ̀. Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀yìn ilé la sin ín sí, láti ọjọ́ náà sì ni Bàbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sebẹ̀. Kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, àwa méjèèjì jẹ iyọ̀ tó tó.

Ó jókòó síwájú ilé, ó ń ṣẹ́ àgbàdo. Mo ṣàlàyé, kò yé e. Mo tún un ṣàlàyé.

"Àwọn ará Àjàṣẹ́ ló máa kọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Àwọn ará Parakou ló máa wá fún ọ ní ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyẹn ni pé ẹnì kan á roko, ẹlòmíràn á kórè. Olè nìyẹn."

"Bàbá, kì í ṣe olè!" Ohùn mi ti ń lọ sókè. Èmi àti bàbá mi, a kì í pẹ́ bínú. Ẹni tó bí mi ni mo jọ. "Iṣẹ́ tí mo bá ṣe lọ́hùn-ún, wọ́n á kà á fún mi níbí. Ó tán."

Ó ṣẹ́ àgbàdo díẹ̀ sí i. Ó wá gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Àáró ni! Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìṣáájú?"

Lọ́dọ̀ wa, bí mo bá bá ọ roko lónìí, ìwọ náà á wá bá mi ro tèmi. Òógùn tí èèyàn dà sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, orí ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ti máa kà á fún un, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń fi Faransé wé fún un láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló fi tú u.

"Ta ló wá máa sè fún wọn?" ó bi mí.

"Fún àwọn wo?"

"Àwọn olùkọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n bá ń bá ṣiṣẹ́ ló ń bọ́ àwọn aláàáró. Àbí báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní yunifásítì?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo sọ fún un pé wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ó ní, "Hẹ̀ẹ́n," ó sì padà sídìí àgbàdo rẹ̀.

Bí mo ṣe lọ sí Àjàṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ náà le, ó sì yára, nítorí ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi oṣù púpọ̀ kọ́ ni wọ́n fún pọ̀ sínú ìsinmi kan. A jókòó ní kíláàsì ní àárọ̀, a wọ yàrá àyẹ̀wò ní ọ̀sán, a ń po ilẹ̀ mọ́ omi, a ń fi ìka rọ́ ọ láti mọ èyí tó ní amọ̀ nínú. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá máa kórè àgbàdo láìsí èmi, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pè mí. Bàbá ò gbà pé fóònù lágbára; ó máa ń pariwo bí ẹni tó ń pe aládùúgbò ní òdìkejì oko. Ohun tí mo jẹ ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà, "Àwọn aláàáró rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" Mo ní wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, ó fi àgbàdo sísun rán ọlọ́kadà kan sí mi, nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó tó dé Àjàṣẹ́, ó ti le bí òkúta wẹ́wẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo jẹ, eyín mi sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí iṣẹ́ oko kù sí dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ Àjàṣẹ́ sọ pé ilẹ̀ dúdú ìhà ọ̀dọ̀ wa lòun fẹ́ kí a gbẹ́. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ yẹn mọ̀ ọ́n: nígbà òjò, á gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á la ẹnu tí ọmọdé lè ti ẹsẹ̀ bọ̀. Ó bèèrè ẹni tó mọ àgbẹ̀ kan níbẹ̀. Mo nawọ́. Bàbá gbà, àmọ́ ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò náà síbi tí òun ti fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa ṣòfò.

Olùkọ́ wa ti Parakou dé sí Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Èmi nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́," ó ní, "àní omi. Ẹni tó bá fún mi ní nǹkan kí n tó pinnu, ó ti dá ẹjọ́ ara rẹ̀ nìyẹn." Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. Mo tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un, nítorí a mọ àwọn tó ń gbà.

A ti dé oko Bàbá ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Bàbá kí wa, ó fi ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn wá, ó sì lọ. Mo rò pé ó fẹ́ fún wa láyè. A gbẹ́ kòtò náà títí ó fi dé àyà mi, mo sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìpele kọ̀ọ̀kan: ibi tí gbòǹgbò dé, ibi tí amọ̀ ti ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Kò sí ohun tí wọ́n bi mí tí mi ò dáhùn. Obìnrin náà dúró lókè orí mi, ó ń kọ̀wé. Oòrùn mú wa, ebi sì ń pa gbogbo wa, torí oúnjẹ tí ọkọ̀ fẹ́ gbé wá láti Àjàṣẹ́ kò tíì dé.

Ìgbà tí mo gun òkè jáde ni mo rí Bàbá lọ́nà oko. Ó fi òṣùká sórí, ó ru bàsíà ńlá kan, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ kejì. Mo sáré pàdé rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ rù?"

"Oúnjẹ àwọn aláàáró."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà. Obìnrin yẹn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá rí i, ọ̀rọ̀ mi bàjẹ́ nìyẹn."

"Ta ló fẹ́ fún un ní nǹkan? Oúnjẹ ni."

Ó kọjá lára mi. Ó sọ bàsíà náà kalẹ̀ lábẹ́ igi, ó ṣí i: ẹ̀wà, gàrí, epo pupa, ẹja gbígbẹ tó tò sórí. Ó kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, ó ní kí wọ́n wá fọ ọwọ́. Olùkọ́ wa ti Parakou kò mira. Ó bi mí ní Faransé pé ta nìyẹn.

"Bàbá mi ni, Màdáàmù."

"Sọ fún bàbá rẹ pé irú oúnjẹ báyìí ló ń mú kí n má gba krédì àwọn èèyàn. Mo ṣì di bírò mú lọ́wọ́, àwo ti dé iwájú mi."

Mo lè dẹ ọ̀rọ̀ náà kí n tó gbé e fún Bàbá. Àmọ́ ẹnu mi ló ń wò, ó sì ti rí ojú obìnrin náà. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀.

"Sọ fún un pé bó bá jẹ́ oúnjẹ mi ló máa mú un fọwọ́ sí i, kó má fọwọ́ sí i."

"Bàbá!"

"Sọ ọ́. Sọ fún un pé orí ilẹ̀ mi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Bí iṣẹ́ ọmọ mi kò bá dára, kó sọ pé kò dára, òun ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ aláàáró kò ní fi ebi kúrò lóko mi. Bàbá tó bí mi ò ṣe é rí, èmi náà ò ní ṣe é."

Inú bí mi sí i débi pé mo fẹ́ kígbe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò kígbe. Gbogbo ọdún tó ń bọ̀ wà lórí ahọ́n mi. Mo yíjú sí obìnrin náà, mo ní, "Bàbá mi ní kí ẹ má fọwọ́ sí i." Mo sọ ìyókù fún un.

"Kí ni wọ́n ń pè ní àáró?" ó bi mí.

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó wo kòtò, ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tí ojú wọn ti wọ inú bàsíà tán, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó wá yí ẹ̀yìn sí wa. Ó kọ̀wé díẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó pa ìwé náà dé, ó sì tì í sínú àpò rẹ̀.

"Mo ti kọ ohun tí mo máa kọ," ó ní. "Kò sí ẹ̀wà tó máa yí i padà. Sọ fún bàbá rẹ pé kó bu omi sí mi lọ́wọ́."

Ó jẹun. Ó tilẹ̀ ní kí Bàbá tún da epo sí i. Àpò yẹn lèmi ń wò. Bàbá ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn, ó ń bu gàrí sáwo ẹni tí tirẹ̀ tán, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé Màdáàmù jẹun dáadáa. Ó ru bàsíà rẹ̀, ó ṣíwájú mi lọ sílé. Kò bi mí léèrè ohun tó wà nínú ìwé, ní ọjọ́ yẹn tàbí ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà nílé kí n tó padà. Mo ní lọ́kàn mi pé ọkàn rẹ̀ le ju tèmi lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ wọlé ní Parakou kí obìnrin náà tó pè mí. Kò ní kí n jókòó. "O mọ ilẹ̀ yẹn," ó ní. "Krédì rẹ ti wọlé, gbogbo rẹ̀." Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo pe Bàbá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, wọ́n gbà á. Gbogbo rẹ̀ pátá."

Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń han. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo rò pé àlejò ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ìyá mi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Wọ́n gbà á o," ó ní. "Ọmọ wa ti gbà á wálé. Ìwọ lo ní kí n má jẹ́ kó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi bà á jẹ́ fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti rí oorun sùn. Mi ò jẹ́ kó mọ̀. Má bínú sí mi."

Ó ti gbàgbé pé fóònù wà lọ́wọ́ òun. Ó ń bá a lọ, ó ń ròyìn fún un bí mo ṣe dúró nínú kòtò tí mò ń sọ Faransé láìkọsẹ̀, bí àwọn olùkọ́ ṣe ń gbọ́ mi. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti wà nítòsí, tó ń wò mí, kó tó lọ gbé oúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lọ́dọ̀ mi, àwọn kan ń wo omi tó ń dà lójú mi. Mo fi fóònù mọ́ etí, mi ò pa á.