Òróró Lórí Ibọ̀wọ́ Mi

Ẹ má bi mí pé kí ló gbé ọmọ Yorùbá dé ìdí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáré. Ẹsẹ̀ mi yá, ó tán. Nínú team yunifásítì wa ní Calgary, èmi ni mo máa ń sáré lọ síwájú, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, màá hán an.

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ni mò ń sọ. Iléeṣẹ́ epo ní downtown ti dá Dádì dúró lẹ́nu iṣẹ́, a ti kó lọ sí basement kan ní Penbrooke. Mọ́mì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ní ọsibítù Seton. Bọ́ọ̀lù tí mò ń gbá fún wọn ló jẹ́ kí yunifásítì máa kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Coach wá sọ pé èmi àti ọmọkùnrin kan là ń du àyè kan ṣoṣo tó kù nínú team lọ́dún náà, pé ìdánrawò Saturday tó ń bọ̀ lòun á fi mọ ẹni tóun á mú. Tí mi ò bá wọlé, ìwé mi dópin nìyẹn.

Mọ́mì ti night shift wá sí pápá tààrà, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ìgò òróró àdúrà lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọjá, wọ́n ń wò wá. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Bọ́ ibọ̀wọ́ yẹn, kó ọwọ́ ẹ wá."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá."

Mi ò bọ́ ọ, òun ni mo fi ń hán bọ́ọ̀lù. Mo kàn fẹ́ kó tán. Ni Mọ́mì bá da òróró sórí ibọ̀wọ́ náà, wọ́n fi pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dáadáa. "Ohun tó bá tọwọ́ ẹ ò ní bọ́." Mo ní àmín. Ta ló tó nu òróró àdúrà nù lójú ìyá ẹ̀?

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé, ó yọ̀ bí ọṣẹ inú omi. Èyí tó tẹ̀ lé e náà yọ̀. Mo nuwọ́ mọ́ ṣòkòtò títí, pàbó. Coach pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó gbóòórùn rẹ̀. Òfin ò gbà kéèyàn fi nǹkan kan pa ibọ̀wọ́. Ó ní, "What is this?"

Mọ́mì ló dáhùn. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti kúnlẹ̀ sínú snow níwájú òyìnbó tó lè jẹ́ àbúrò wọn àbíkẹ́yìn, wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́. "It's me o! I'm his mother. Abeg, don't punish him." Coach rò pé ńṣe ni wọ́n ṣubú, kò mọ ibi tó máa dì mú gbé wọn dìde. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ wọn dúró ṣánṣán, mò ń wo bàtà. Áà! Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ tì wọ́n. Ojú ń tì mí, mi ò ṣe é.

Ọmọkùnrin kejì ló gba àyè náà. Nínú train, Mọ́mì ní, "Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?" Mo ní, "Rárá, ma," àmọ́ fèrèsé ni mò ń wò.

Láàárọ̀, kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́, mo ṣì máa ń tẹríba kí wọ́n gbàdúrà fún mi. Àdúrà ò tán lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn ò gbé ọwọ́ lé mi lórí mọ́. Inú àpò aṣọ nọ́ọ̀sì wọn ni wọ́n máa ń kó méjèèjì sí.