Òdòdó Tí Màámi Gbìn De Ẹyẹ ní Peckham

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà, wọ́n fi mí ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta sí Peckham ní London, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ní ìyá mi ni. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí lójú mi nígbà náà ni mò ń sọ. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá mi yìí bá bàbá mi lọ sí Ìlú Ọba, tí wọ́n sì fi mí sílẹ̀ fún ìyá tó bí wọn lọ́mọ. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ààyè tó gbà wọ́n láti ránṣẹ́ pè mí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyá àgbà ni mò ń pè ní Màmá. N kò mọ màmá mìíràn.

Lẹ́yìn ilé ìyá àgbà, níbi tí omi balùwẹ̀ ti máa ń ṣàn jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí igbó. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti yọ òdòdó rẹ̀ ńlá tó máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn, àwọn ẹyẹ kan á dé. Ẹyẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò mi lọ. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí ó wọ́, ọrùn rẹ̀ sì ń dán bí epo tó dà sínú omi òjò. Á rọ̀ mọ́ òdòdó, á ki ẹnu bọ̀ ọ́, á máa fa omi dídùn inú rẹ̀ mu. Ọlọ́mọge ni ìyá àgbà ń pè wọ́n nítorí aṣọ ara wọn. "Àwọn ọlọ́mọge ti dé o," wọ́n á ní, àwa méjèèjì á sì jókòó sórí àpótí, a ò ní mira títí wọn á fi mu ún tán.

Inú ìyẹn ni wọ́n ti yọ mí. Ìbátan wa kan ló mú mi wọ ọkọ̀ òkun. Nígbà tí a dé, obìnrin tín-ínrín kan tó wọ kóòtù ọkùnrin sáré wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Èmi kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ní, "Ẹ kúulé, Aunty." Mo rí i tí ọwọ́ náà dúró lófuurufú fún ìgbà díẹ̀ kó tó dì mọ́ mi.

Aunty ni mo sì ń pè wọ́n láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe ìwà búburú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, tó dàgbà jù mí lọ, kí ni kí n pè é? Wọn kò bá mi wí rí. Yàrá kan péré la ní, lókè ilé kan lẹ́yìn Rye Lane. Bàbá mi wà ní ìlú mìíràn tó ti ń kàwé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni màmá mi ń fọ̀. Kí ojúmọ́ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde. Bí mo bá fi máa ti ilé ìwé dé, wọ́n á ti gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, wọ́n á máa wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Èmi á jẹ tán, màá ní, "Ẹ ṣé, Aunty," ọ̀rọ̀ wa á sì parí síbẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n fúnra mi, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ni pé, "Aunty, níbo ni àwọn ọlọ́mọge máa ń bà sí níbí?" Wọn kò kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí ó yé wọn, ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni àwọn àti ìyá àgbà ti jọ máa ń jókòó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ojú wọn ń tàn. Wọ́n ní, "Wọ́n máa wá. A ó gbin òdòdó, wàá rí wọn."

Ibo la ó gbìn ín sí? Àgbàlá ẹ̀yìn ilé, ti onílé ni, ìyá òyìnbó arúgbó kan tó ń gbé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Kò fẹ́ òórùn ẹja gbígbẹ, kò fẹ́ kí a sáṣọ lọ́jọ́ Sunday, kò sì fẹ́ kí a sáré lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àmọ́ màmá mi lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá náà wò wọ́n látòkè délẹ̀, ó ní wọ́n lè lo igun kan lẹ́yìn ilé èédú, tí wọ́n bá lè kó bíríkì tó wà níbẹ̀ kúrò. Bíríkì yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ogun àgbáyé kejì.

Ẹ wo màmá mi, tí wọ́n ti fi eékún fọ ilẹ̀ láti àárọ̀, tí wọ́n á tún wọ kóòtù bàbá mi, wọ́n á máa kó bíríkì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kó o. Wọ́n yá ṣọ́bìrì, wọ́n fi túlẹ̀. Wọ́n ra irúgbìn tí wọ́n ya àwòrán ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu gígùn sí ara páálí rẹ̀. Àwòrán náà ló jẹ́ kó dá wọn lójú pé ẹyẹ á wá. Òdòdó kan tó pupa bí osùn wà tó ń hù jáde láti inú ihò ògiri, wọ́n fẹ́ fà á tu, ni ìyá òyìnbó bá yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, ṣùgbọ́n kì í dẹ́kun àtihù." Wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n tún ń po ṣúgà mọ́ omi, wọ́n ń gbé e sójú fèrèsé nínú àwo pẹlẹbẹ. Àwọn fúnra wọn wá ń mu tíì láìsí ṣúgà. Agbọ́n nìkan ló ń wá mu omi ṣúgà náà.

Òdòdó hù, ó sì tanná. Èmi á jókòó sórí ìkòkò tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, màá máa retí. Ẹyẹlé wá. Ológoṣẹ́ wá. Màmá mi á ní, "Ó ku díẹ̀."

Lọ́jọ́ kan ní ilé ìwé, tíṣà ní kí a ya ohun tí a fẹ́ràn. Mo ya ọlọ́mọge lórí òdòdó, mo ní a ti gbin òdòdó sílé, ẹyẹ náà ò ní pẹ́ dé. Tíṣà rẹ́rìn-ín, kò sì fi ṣe ibi. Ó ní kò sí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí rí, bí a tilẹ̀ gbin òdòdó kún gbogbo London. Àwọn ọmọ yòókù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi jáde.

Mo dé ilé, mo bá màmá mi ní àgbàlá, wọ́n ń fi kẹ́tù tí a fi ń se omi tíì bomi rin òdòdó. N kò kí wọn. Mo ní, "Aunty, ẹ parọ́ fún mi. Tíṣà ní kò sí wọn níbí, wọn ò sì ní wá láé."

Wọ́n gbé kẹ́tù sílẹ̀. "Mi ò parọ́," wọ́n ní. "Mi ò mọ̀ ni."

Èmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo wá sọ ohun tí mo ṣì ń tọrọ àforíjì rẹ̀ títí di òní. Mo ní, "Màmá mi ò lè parọ́ fún mi láé. Ẹ dá mi padà sọ́dọ̀ màmá mi."

Wọn kò lù mí, wọn kò sì bú mi. Wọ́n nu ọwọ́ sí ara kóòtù, wọ́n gòkè lọ. Láti ọjọ́ kejì, wọn kò dé àgbàlá mọ́.

Ìyá òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, ó pè mí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Kí lo sọ fún ìyá rẹ?" Ó ní, "Mo bí ọmọkùnrin. Bíríkì yẹn wà níbẹ̀ títí ó fi dàgbà, tó fi lọ, kò gbé ẹyọ kan rí. Ìyá rẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ó kó gbogbo rẹ̀. O rò pé nítorí tèmi ni?" Ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo lọ gbé kẹ́tù. Òdòdó ti ń rọ. Mo bomi rin ín lọ́jọ́ yẹn, mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, kẹ́tù náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì omi fi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. N kò retí ẹyẹ kankan mọ́. N kò kàn mọ ọ̀nà mìíràn tí ọmọdé fi ń bẹ àgbà.

Ìgbà ooru ni, ọjọ́ Saturday, oòrùn mú. Mo ń bomi rin òdòdó nígbà tí mo gbọ́ nǹkan tó ń kùn létí mi. Mo gbójú sókè. Lójú òdòdó orí ògiri, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, nǹkan kékeré kan dúró sínú afẹ́fẹ́, kò bà lé ohunkóhun. Ìyẹ́ rẹ̀ ń yára débi pé ojú ò lè mú un. Ó na ẹnu gígùn bí òwú bọ inú òdòdó kan, ó fà á yọ, ó bọ́ sí òmíràn.

Ariwo tí mo fi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo rò pé gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. "Màámi! Màámi, ẹ dìde! Ó ti dé!" Oorun ni wọ́n ń sùn. Wọ́n fò dìde, wọn kò wé gèlè, wọn kò wọ bàtà, mo fà wọ́n lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Ìyá òyìnbó náà jáde láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, a ò mí.

Ìyá òyìnbó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe ẹyẹ," ó ní. "Àfòpiná ni. Láti òkè òkun ló ń fò wá, bí ooru bá mú dáadáa."

Màmá mi ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àfòpiná, Mà. Ó ṣáà wá." Ni ìyá òyìnbó yẹn, tí a kò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ rí, bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, màmá mi ń fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi nínú bàsíà. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Pè mí bí o ṣe pè mí lẹ́ẹ̀kan."

Mo pè wọ́n.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Wọ́n ti wó ilé náà, filáàtì ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Rye Lane tí màmá mi ti ń wá ata títí tí wọn ò rí, ẹ ò lè rìn níbẹ̀ báyìí kí ẹ má fẹsẹ̀ kọ iṣu. Ọmọ ọmọ mi kò tíì pé ọjọ́ kan láyé tí ìyá bàbá rẹ̀ fi rí i lórí fóònù láti Abẹ́òkúta, tó sì kì í ní oríkì. Nígbà tiwa, lẹ́tà ló wà, ọmọ ọwọ́ kì í sì í ka lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ wa la dé bá ìyá wa bí àlejò. Mo mọ àwọn tó ti darúgbó báyìí, tí wọn ò tíì dárí ji ìyá wọn, tí ìyá náà sì ti kú.

Èmi náà ti bímọ, mo ti ní ọmọ ọmọ. Lọ́jọ́ kan ni mo jókòó tí mo ṣírò ọjọ́ orí màmá mi nígbà tí wọ́n ń kó bíríkì yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Àbíkẹ́yìn mi ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣì ń pè mí lórí fóònù pé, "Mummy, báwo la ṣe ń se ìrẹsì tí kò fi ní jóná?"