Ipa Ẹsẹ̀ Orí Símẹ́ǹtì

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ọmọ́rìnsọ́lá Bámigbóyè ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìṣẹ́ Èkìtì nípa fọ́sìlì, kò sì fojú kan ẹyọ kan rí. Ẹ má fi ṣẹ̀sín. Mélòó nínú wa tó ń kọrin òkun ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti rí òkun? Fọ́sìlì ni ohun abẹ̀mí ayé ìgbàanì tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí ẹrẹ̀ náà sì di òkúta mọ́ ọn lára: egungun, ewé, ìkarahun, tàbí ipa ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n ń rí ìkarahun ẹran omi nínú òkúta ẹfun ní Ewékorò, òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé òkun ti dé ibẹ̀ rí, kí ọmọ ènìyàn tó dáyé. Ṣùgbọ́n òkúta Èkìtì? Iná abẹ́ ilẹ̀ ló sè é jinná. Èèyàn lè fọ́ ọ láti Ìṣẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́, kò ní bá eegun eku kan níbẹ̀.

Ó wu obìnrin yìí kó rí i. Yunifásítì kan n'Ìbàdàn ti fún un láyè láti lọ kọ́ ìmọ̀ òkúta, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ sì ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́tà náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ládélé Bámigbóyè, wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kò sì já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọmọ méjì péré ló bí. Ẹ̀gbọ́n, Kọ́láwọlé, wà l'Ékòó, ó máa ń pè lọ́jọ́ Friday láti dúpẹ́. "Ìwọ lo kúkú wà nílé," ni orin rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti Ọmọ́rìnsọ́lá mọ́lé, àmọ́ kò rí ọ̀nà jáde.

Nígbà tí kò rí fọ́sìlì gidi, ó kó ọgbọ̀n ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Thursday, síbi pèpéle símẹ́ǹtì tí wọ́n ń sá kòkó sí láàárín ilé àti títì. Ẹni tó bá da irú pèpéle bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ títí yóò fi gan. Àwọn tó da tiwọn ò ṣọ́ ọ. Pátákò ewúrẹ́ wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ adìẹ wà níbẹ̀, ewé kòkó kan sì lẹ̀ mọ́ ọn, tó jẹ́ pé ewé ti jẹrà tán, iṣan rẹ̀ ṣì hàn kedere. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé sì wà níbẹ̀, tí bàtà ńlá kan ń tẹ̀ lé.

"Ẹsẹ̀ mi nìyẹn," ló sọ fún wọn. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n da símẹ́ǹtì yìí. Àǹtí Fọlákẹ́mi, mọ̀lẹ́bí wa kan, wá mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ìwé n'Ìkẹ́rẹ́, èmi náà sá tẹ̀ lé mọ́tò wọn. Bàbá mi ló lé mi bá, ó gbé mi padà sílé. N ò tíì kúrò níbẹ̀ títí dòní." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí i, àwọn ọmọ sì mọ̀.

Ibẹ̀ ò gba gbogbo wọn. Wọ́n bá kó àpò kòkó àti pákó ògbólógbòó tó ti wà níhà títì láti ọjọ́ aláyé kúrò, wọ́n gbálẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Praise bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọn ipa ẹsẹ̀ wò.

"Mà, ọmọ yìí sáré débí, ó wá dúró. Ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n rì. Kí bàtà tó dé ló ti há síbẹ̀." Ó sún síwájú. "Láti ibí, bàtà nìkan ló kù, ó sì rì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti gbé ọmọ. Àmọ́ kò padà sílé o, mà. Ìhà títì ló lọ."

Ọmọ́rìnsọ́lá wò ó, ó tún un wò. Ní ọdún márùndínlógójì, kò gbé àpò wọ̀nyẹn kúrò rí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òun sunkún, kò ríran.

"Bàbá," ló sọ, "níbo lẹ gbé mi lọ lọ́jọ́ náà?"

Ó pẹ́ kí bàbá tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ. "Kì í ṣe ulé. Mo gbé ọ... sáré tẹ̀ lé mọ́tò. A ò bá a. Ó ti lọ."

Ọmọ́rìnsọ́lá jókòó sórí símẹ́ǹtì níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sunkún, kò tijú. Bàbá yìí ló ti ń bínú sí nínú ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń wẹ̀ fún un.

Nígbà tí Kọ́láwọlé pè lọ́jọ́ Friday, tó bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀, Ọmọ́rìnsọ́lá ò bá a jiyàn. Ó gbé fóònù sí bàbá létí. Bàbá tí kì í bẹ ọmọ rẹ̀ ní ohunkóhun mí kanlẹ̀.

"Kọ́lá, uwọ ló kàn. Wá."

Ọ̀sán Sunday ni Kọ́láwọlé dé, tó ń ráhùn nípa ọ̀nà tí kò dára. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó ń bu ẹ̀kọ sí bàbá lẹ́nu, ó ń dà á sí i láyà. Ọkọ̀ Ìbàdàn fọn fèrè ní títì. Ọmọ́rìnsọ́lá gbé báàgì rẹ̀, ó gba orí símẹ́ǹtì. Nígbà tó débi tí ẹsẹ̀ kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, sí ìhà títì. Ọmọ́rìnsọ́lá wá ń tẹ ipa bàtà náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi bọ́ sí títì.