Fi Ẹnu Kúnlẹ̀

Ohùn Sájẹ́ńtì Fọláránmi ò nílò ẹ̀rọ kankan. Tó bá ti là á, "Tẹ́n-ṣọ̀ọ̀ọ̀!" ní pápá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá tuntun ní Benin, ẹni tó ń ra gàrí ní Oliha Market gan-an á nàró ṣánṣán. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn rikurúùtì, bí wọ́n sì ṣe kọ́ òun náà ló ṣe ń kọ́ wọn: èébú láàárọ̀, ìgbátí lọ́sàn-án, kí wọ́n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí orúnkún á fi bẹ̀bẹ̀. Èèyàn dáadáa ni o! Ẹnu ẹ̀ ni ò mọ ọ̀nà míì.

Àfi bí àṣẹ tuntun ṣe dé. Mádáàmù, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, pè é sí ọ́fíìsì.

"Fọláránmi, kò séèébú mọ́. Kò sí ìgbátí. Ẹni tá a bá bú níbí, aráàlú ló máa lọ bú níta. Lọ́jọ́ Thursday, àwọn àlejò ń bọ̀ láti Abuja wá wo kíláàsì ẹ. Tóo bá fi lè jágbe mọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, géètì ni wàá lọ máa ṣọ́."

"Yẹ́s, mà."

Géètì kẹ̀! Kò síṣẹ́ tó tún wù ú láyé ju ìkọ́ni yìí lọ. Bó ṣe délé ní Airport Road, iwájú dígí ló lọ dánra wò: "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá onímọ́tò, ẹ bá wa páàkì." Ohùn ẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọ ológbò. Olúwatóyìn ìyàwó ẹ̀ yọjú láti kíṣìnnì.

"Dádì Ayọ̀bámi, ṣé inú ń run yín ni?"

Thursday pé. Àwọn àlejò jókòó sábẹ́ kánópì, Mádáàmù wà láàárín wọn. Fọláránmi to àga oníke, ó ní mọ́tò nìyẹn. Òun fúnra ẹ̀ ṣe dírẹ́bà, bàbá arúgbó tó ń bọ̀ láti Siluko Road. Ó ní kí Ayọ̀mídé, ọmọbìnrin kan lára àwọn rikurúùtì, jáde wá dá òun dúró. Benin ni wọ́n bí Ayọ̀mídé sí. Ó gbọ́ Yorùbá, Pidgin ló fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan tí ìyá ẹ̀ fi kọ́ ọ tí ò sì bọ́ sọnù ni ìkúnlẹ̀.

Ayọ̀mídé nawọ́. Mọ́tò oníke dúró, kììì! Fọláránmi yọrí, ó wúkọ́ àgbà, hùn-ún, hùn-ún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Kí la ṣe?"

Bí Ayọ̀mídé ṣe gbọ́ "ọmọ mi" báyìí, orúnkún ẹ̀ méjèèjì ti balẹ̀. Gbì!

"Good afternoon, Daddy! Abeg, make I see your papers, sà."

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá ló kúnlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ wò yẹn! Gbóyèga, rikurúùtì ẹlẹ́nu ṣọnṣọ kan, kígbe láti ẹ̀yìn: "Ayọ̀, na blessing you dey find?"

Èébú gbéra láti inú Fọláránmi, ó dé ọ̀fun, ó ti fẹ́ jáde. Mádáàmù ti na ọrùn. Fọláránmi wo Ayọ̀mídé, ó rí i tí ètè ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbé èébú náà mì, gbíkún. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó lóṣòó tì í.

"Ọmọ mi, dìde. Tó bá jẹ́ olè ló ń wa mọ́tò ọ̀hún ńkọ́? Á ti dé Sapele kóo tó nàró. Ìkúnlẹ̀ yẹn dáa o. Àmọ́ ẹnu ni kóo fi kúnlẹ̀. Jẹ́ kí orúnkún ẹ dúró."

"Sà? Make my mouth kneel down?"

"Ẹ̀ẹ́n! Ẹnu ẹ, ti ìyá ẹ ni. Ẹsẹ̀ yẹn, ti ìjọba ni."

Àlejò kan béèrè ohun tí Fọláránmi wí. Gbóyèga ló dá a lóhùn: "Oga say make mouth kneel, make leg stand!" Ọkùnrin náà gbá itan ẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Fọláránmi padà sínú mọ́tò. Ayọ̀mídé nàró bí òpó iná. "Good afternoon, Daddy. Sorry say we delay you. Abeg, your papers, sà." Ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Mádáàmù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga oníke. "Sájẹ́ńtì, ìwọ náà lo máa kọ́ àwọn rikurúùtì tó tún ń bọ̀ o."

Inú Fọláránmi dùn débi pé kò rántí bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ó wúkọ́ àgbà, ó ní kí Gbóyèga wá dá òun dúró.